Rájí Káfíńtà Nínú Ilé Onítáyà

Ẹ dákun, ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ Rájí káfíńtà ni, Rájí ará Òṣòdì, ọkùnrin tó fi mọ́tò ṣe ilé. Mi ò sọ pé ó fi owó mọ́tò kọ́lé o. Mọ́tò gan-an ló sọ di ilé. Òun àti ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ń sùn nínú rẹ̀, wọ́n ń jí nínú rẹ̀, bí ilẹ̀ tí wọ́n gbé e sí bá sì gbóná mọ́ wọn, ilé á ṣí, á gba ibòmíràn lọ.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Rájí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa kan pákó àti àga sínú bọ́ọ̀sì. Ọdún 1972, tí ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ọlọ́kọ̀ kúrò lápá òsì títì kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún, ni iṣẹ́ ya wọ ọgbà tí wọ́n ti ń kan bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin bí omi. Ẹ rò ó wò. Gbogbo bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lápá òsì, ṣàdédé ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sí àárín títì. Èrò tó bá sọ̀ kalẹ̀, iwájú mọ́tò míì ló sọ̀ sí. Àwọn Rájí ló ń dí ilẹ̀kùn òsì, tí wọ́n ń gé tuntun sí ọ̀tún, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kan wà tó ti gbó kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún ná owó lé lórí. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbẹ̀, koríko hù gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Ọlọ́kọ̀ ní kí Rájí máa gbé e lọ, kó fi pákó rẹ̀ dáná.

Rájí kò fi dáná. Nígbà tó di 1975, onílé wọn ní òun fẹ́ wó ilé alámọ̀ tí wọ́n ń gbé, òun fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Owó epo ti dé, gbogbo ayé ló ń kọ́lé, yàrá wá di ohun àwátì l'Óṣòdì. Rájí bi ìyàwó rẹ̀, Ìsíátù, bóyá ó lè gbé inú mọ́tò. Ìsíátù ní bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣáà ti ṣe é tì.

Ẹ ò rí iṣẹ́! Ó fi pákó ìrókò dí ilẹ̀kùn òsì pa, ó gé tuntun sí ọ̀tún. Ó kan ibùsùn tó ṣe é ká sókè lójú mọmọ. Ó ṣe pẹpẹ àwo, ó sì kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí pẹpẹ náà kí àwo má baà yọ̀ ṣubú. Kòròfo òróró ni wọ́n ń pọn omi sí, ó fi irin dè é mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò pinpin. Albert, dírẹ́bà kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló wá bá a jí ẹ́ńjìnnì, torí Rájí fúnra rẹ̀ kò mọ mọ́tò wà. Àwọn ènìyàn ń ti Ìsọlọ̀ wá wò ó.

Ọmọ mẹ́ta náà rèé. Bùràímọ̀ ti pé ọdún méje. Àrìnkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Abíọ́nà ni àbíkẹ́yìn, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ẹ̀bá títì ni Ìsíátù bí i sí nígbà tó ń ti Ìṣẹ́yìn bọ̀, ìyẹn ló fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn ni, àní sí ẹni tó ń bá bàbá rẹ̀ jà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé ṣí, láti ẹ̀gbẹ́ ojú irin l'Óṣòdì lọ sí Ìsọlọ̀ ni. Àwọn ọmọ ń fò lórí ibùsùn, inú wọn ń dùn. Ewúrẹ́ kan já sójú ọ̀nà, Albert tẹ bíréèkì, Àrìnkẹ́ sì yí láti orí ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, àgbọ̀n rẹ̀ là. Ó ṣe díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Rájí kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó jókòó, ó ń wo pẹpẹ àwo. Kò sí àwo kan ṣoṣo tó fọ́.

Ó ní, "Ìyá Bùràímọ̀, mo ṣe ibi tí àwo máa jókòó sí. Mi ò ṣe ibi tí ọmọ máa jókòó sí."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí ó ṣe máa mú ọmọ mẹ́ta jókòó nínú ilé tó ń sáré ló kù tó ń rò. Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ká Ìsíátù mọ́ ọ̀nà, ó sáré bọ̀, Abíọ́nà sì ń sùn fọnfọn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìyá ti ń fò kòtò, ọmọ kò mira. Rájí tẹjú mọ́ ọ̀já tó wà láyà ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí aṣọ. Ó ní kó tú u fún òun.

Ó kan àga gbọọrọ mọ́ ẹ̀yìn ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn mọ́tò ni àwọn ọmọ máa kọjú sí. Ó tẹ́ fóòmù sí i. Ó lu ihò sára pákó tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń fẹ̀yìn tì, ó ki ọ̀já bọ̀ ọ́, ó gbé e gba àyà ọmọ, ó gbé e gba ìbàdí, ó sì ta á ní kókó lẹ́yìn pákó níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n sọ àga náà ní Ẹ̀yìn Ìyá, wọ́n ń du ààyè lórí rẹ̀ àní nígbà tí mọ́tò kò lọ síbì kankan.

Àwọn ará ọgbà fi ṣẹ̀sín dalẹ̀. Ọ̀kan ní, "Rájí, Iléyá ṣì ku oṣù mẹ́ta, o ti ń so àgbò mọ́lẹ̀." Albert ní kó bá òun kan irú rẹ̀ sílé, ìyàwó òun kì í gbélé. Rájí bá wọn rẹ́rìn-ín. Ilé sì ṣí lẹ́ẹ̀mejì sí i, wọ́n lé wọn kúrò nílẹ̀ Ìsọlọ̀, wọ́n lé wọn kúrò lẹ́yìn Àjàó nígbà tí àwọn sọ̀féyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ dé, ọmọ kankan kò sì fara pa. Albert ló kọ́kọ́ dákẹ́ yẹ̀yẹ́.

Ìgbà tí wọ́n ń múra àtiṣí lẹ́ẹ̀kẹrin, tí wọ́n fẹ́ gba ọ̀nà Èjìgbò, ni ìyá Ìsíátù ti Ìṣẹ́yìn wá kí wọn. Màmá ni gbogbo wọn ń pè é. Ó dúró níwájú mọ́tò náà, ó wò ó láti òkè délẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ ni mo fi ọmọ mi fún. Mi ò fi í fún mọ́tò." Síbẹ̀, kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ó ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń fi ilé náà yangàn fún ẹni tó ń kọjá. Abíọ́nà kì í sì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Itan Màmá ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń sùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì ni wọ́n ṣí. Rájí so Bùràímọ̀, ó so Àrìnkẹ́. Nígbà tó na ọwọ́ sí Abíọ́nà, Màmá gbé ọmọ náà mọ́ àyà.

Ó ní, "So èwo? Ta ló ń so ọmọ mọ́ igi níbi tí àgbà wà? Ṣé wèrè ni, àbí olè?"

Rájí dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ọ̀nà yẹn kò dáa."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Rájí, ọmọ mẹ́fà ni mo gbé pọ̀n tí kò sí ọ̀kan tó bọ́ lẹ́yìn mi, ìyàwó rẹ wà nínú wọn. O wá fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ dání?"

Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ̀ pé èèyàn kì í bá àna jiyàn, áḿbọ̀sì kó wá já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Ìsíátù. Ìsíátù ń to ìkòkò, kò gbójú sókè. Rájí dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó lọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Albert. Màmá jókòó sórí ibùsùn, ó gbé Abíọ́nà sórí itan.

Wọ́n kọjá ọjà Ìsọlọ̀ láìséwu. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni típà oníyanrìn kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó bọ́ sójú ọ̀nà gbàgà. Albert tẹ bíréèkì pẹ̀lú gbogbo ara. Mọ́tò dúró. Wọn kò tilẹ̀ kan típà náà. Albert ní, "Alihamdù fún ìwọ, àlelúyà fún èmi," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Rájí kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹkún ọmọ, ó sì ń kà á. Ẹkún Bùràímọ̀. Ẹkún Àrìnkẹ́. Kò gbọ́ ẹ̀kẹta.

Màmá wà nílẹ̀, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ti kán. Ó ṣì di ọmọ náà mú. Kò jẹ́ kó bọ́, bó ṣe wí gan-an, ṣùgbọ́n òun àti ọmọ ni wọ́n jọ ṣubú, orí Abíọ́nà sì lọ lu irin ẹsẹ̀ ibùsùn. Típà yẹn kan náà ló gbé wọn sáré lọ sí ọsibítù. Abíọ́nà ti dákẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà. Wọn kò jẹ́ kí Rájí tẹ̀ lé wọn, bàbá kì í rí ibojì ọmọ. Nígbà tí àwọn ọkùnrin yòókù gbé òkú jáde, ó mú sípánà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú táyà mọ́tò níbi tí wọ́n gbé e dé, lórí ilẹ̀ àbúrò Albert. Ó tú u tán, ó fi búlọ́ọ̀kù gbé e dúró. Ilé náà kò ṣí mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kẹjọ, tí àwọn àlùfáà ti ṣàdúà lọ, Màmá pè é. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó dá a lẹ́bi láti ọjọ́ náà, gbogbo wọn ló ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Ó ní, "Rájí, èé ṣe tí o ò gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi?"

Rájí tẹrí ba. "Àna mi ni yín, Màmá."

"Ìwọ lo mọ mọ́tò. Èmi ò mọ̀ ọ́n." Ó ń fa etí báńdéèjì rẹ̀. "Ò bá já a gbà. Ǹ bá bú ọ, ǹ bá máa bú ọ títí dòní, ọmọ ì bá sì wà."

Màmá padà sí Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó pẹ́ ni Ìsíátù wá jẹ́wọ́ fún ọkọ rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí, òun ń dúró dè é kó sọ̀rọ̀, òun rò pé ọkùnrin ló yẹ kó sọ ọ́. Rájí ní Ìsíátù ni òun náà ń dúró dè, torí ìyá rẹ̀ ni. 

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, bàbá arúgbó kan, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé, hẹ́dìmásítà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé bọ́ọ̀sì wá sí ọgbà. Ó ti dá ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀. Ó fẹ́ kí Rájí kan bẹ́ǹṣì sí i, kí ọmọ ogójì lè wọ̀ ọ́, kí àwọn tó ṣẹ́kù dúró. Rájí sọ fún un pé ogún ni yóò gbà, gbogbo wọn ló máa jókòó, gbogbo wọn ló sì máa ní ìdè láyà. Bàbá náà bínú. Ó bi í bóyá ó mọ̀ pé òun ti ń kọ́ ọmọ kí wọ́n tó bí i.

Rájí dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí lẹ́búlẹ́bú pákó, lójú gbogbo ọgbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ bí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, mi ò sì ní ṣe é bí ẹ ṣe fẹ́."

Bàbá dúró lé e lórí, kò mọ ohun tó máa fi irú ìdọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ bá káfíńtà míì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe títí dòní. Wọ́n ní agídí ń bẹ lórí Rájí, ikú ọmọ ló dà á lórí rú. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni àwọn kan ń padà wá, bọ́ọ̀sì mẹ́rin ló ti ṣe báyìí.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán. Ẹ lọ sí Òṣòdì, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ẹ béèrè Rájí káfíńtà. Bí bọ́ọ̀sì ọmọdé kan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ gòkè sínú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yín fa ìdè àga kan kí ẹ mọ̀ bó ṣe le tó. Ẹ mú ọmọ yín dání lọ. Ẹ lọ wò ó.