Bá A Ṣe Kọ Ṣáḿpù Sílẹ̀ Nítorí Ọwọ́ Tàǹtí Fẹlí

Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kán sára tówẹ̀lì funfun tó wà lọ́rùn Madame Adélé, èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo, àfi bíi pé èmi ni wọ́n gé lọ́wọ́. Tàǹtí Fẹlí, ọ̀gá mi, ló ń fọ irun fún un. Ìfófòó ṣáḿpù ti bo ọwọ́ wọn dé ọrùn ọwọ́, kò sẹ́ni tó rí i pé àárín ìka wọn ti là. Ìgbà tí wọ́n fa tówẹ̀lì pé kí wọ́n nu etí obìnrin náà la rí pupa. Tísà ni Madame Adélé, ojú tísà kì í sì í fo nǹkan. Ó dìde tòun tomi lórí, ó gbá ọwọ́ Tàǹtí mú, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí ìwé ọmọ tí ò ṣe iṣẹ́ ilé.

"Fẹlí, ọwọ́ rèé? Ọwọ́ yìí náà lo fi ń di irun fún gbogbo wa?"

"Ọwọ́ iṣẹ́ ni, Madame. Ẹ jókòó, omi ń ṣàn sí yín lẹ́yìn."

"Ọwọ́ iṣẹ́ kẹ̀? Gbé e lọ sílé ìwòsàn kó tó di ọwọ́ àìníṣẹ́."

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkùnrin bíi tèmi ṣe dé àárín àwọn tó ń di irun obìnrin. Mo ṣe BAC, ìdánwò àṣejáde girama, mo fìdí rẹmi. Mo tún un ṣe, ìdí mi ti mọ ọ̀nà omi fúnra ẹ̀. Màmá mi ní kí n lọ kọ́ṣẹ́. Mo ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́. Wọ́n ní, "Èwo ló wà nílé wa nínú ẹ̀?" Gbogbo ọ̀gá tá a tọ̀ lọ, mẹkaníìkì ni o, káfíńtà ni o, wọ́n á wo apá mi tó rí bíi pákò ìfọyín, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Tàǹtí Fẹlí nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Àtẹlíyé wọn, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wà létí títì tó lọ sí bọ́dà, níbi tí àwọn onízẹ́mì, àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé èèyàn, ti máa ń dúró de èrò.

"Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Mo mọ philosophie, Tàǹtí."

"Bon. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Látọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Bachelier, ìyẹn ẹni tó gba BAC, orúkọ tí ìjọba kọ̀ láti fún mi.

Iṣẹ́ irun, ẹ má rò pé eré ni. Fífọ̀ ló ṣáájú, gbígbẹ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà yíyà, ìyẹn ni kéèyàn fi ìrù òòyà la ọ̀nà sórí, kó tó wá di pé à ń dì í. Ibi yíyà yẹn la ti ń mọ ọ̀gá. Bí Tàǹtí Fẹlí bá la ọ̀nà kọ́lẹ́sẹ̀, á gún gbọọrọ bí okùn tí wọ́n fà lójú ebè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi la ọ̀nà, wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Bachelier, ejò wo lò ń lé?"

Dókítà ilé ìwòsàn wo ọwọ́ náà, ó ní ṣáḿpù àti kẹ́míkà tá a fi ń na irun ti jẹ awọ ẹ̀ tán. Ó ní bí wọ́n bá ń tì í bọ nǹkan wọ̀nyẹn lọ báyìí, kò ní jinná, ìka ò sì ní lè ká mọ́. "Ẹ̀yin lẹ máa yàn, màmá," ló wí. "Ṣáḿpù ni àbí irun dídì."

Zẹ́mì kan ló gbé wa padà, Tàǹtí láàárín, èmi lẹ́yìn. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, wọ́n ṣí i sókè. Ẹ̀rù bà mí. Obìnrin tó ń bú mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó bá ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti burú. Kò sí nǹkan míì tí wọ́n mọ̀ láyé ju irun lọ. Bí ìka yẹn bá kọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ máa jẹ?

Bá a ṣe délé, wọ́n kó gbogbo ike ṣáḿpù sínú páálí kan, wọ́n gbé e fún mi.

"Gbé e fún ẹni tó bá fẹ́. Ìyá mi ò mọ ṣáḿpù, irun wọn sì kan èjìká."

"Kí wá ni wọ́n ń fi fọ̀ ọ́, Tàǹtí?"

"Ọṣẹ dúdú. Ilá. Àwọn nǹkan kan tún wà tí mo ti gbàgbé. A máa dán an wò títí a ó fi rí i. Orí tìẹ ṣófo, òun la máa lò."

Bí orí mi ṣe wọ ìdánwò nìyẹn. A kọ́kọ́ fi ọṣẹ dúdú nìkan fọ̀ ọ́. Ó mọ́ lóòótọ́, àmọ́ irun náà le gbagidi bíi kànìnkànìn tó gbẹ sórí ògiri. A fi amọ̀ fọ̀ ọ́, mo jáde bí ẹni tó já sí kòtò. Tàǹtí wá rántí omidùn, omi kíkan tó máa ń wà lójú ògì, a fi ṣan án. Irun rọ̀! Inú wa dùn. Àfìgbà tí oòrùn mú un, tí àwọn adìyẹ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi, tí àkùkọ kan fò lé mi léjìká níwájú ilé ìjọsìn, tó ń ṣá mi lórí jẹ níṣojú àwọn tó ń bọ̀ látinú ìsìn. Tàǹtí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ojú ń tì mí, àmọ́ mo fẹ́ kí àkùkọ yẹn má tíì sọ̀ kalẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn gbẹ̀yìn.

Èyí tó wá bọ́ sí i nìyí. Ọṣẹ dúdú láti Banigbé, èyí tí wọ́n fi eérú àti àdín sè, la máa ń yọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ilá tútù la máa gé, tá a máa rẹ mọ́jú, tá a máa fi aṣọ sẹ́. Omi ẹ̀ máa ń yọ̀, òun ni kì í jẹ́ kí òòyà fa èèyàn lórí ya. Ọṣẹ ṣáájú, ilá tẹ̀ lé e, omi tá a fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí ló kẹ́yìn, kí irun lè dán. Èmi ni kí n máa tọwọ́ bọ gbogbo ẹ̀. Tàǹtí, irun tó bá ti gbẹ nìkan ni kí wọ́n fọwọ́ kàn.

A rò pé ó ti parí. A gbàgbé ìlú tá a wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: ọṣẹ dúdú tí ẹlòmíì bá fi fọ̀ ẹ́ lórí, ó níṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ìyá Mónìkà, tó ń kọrin níjọ, la fi bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó, ó gbé orí sẹ́yìn. Bí mo ṣe gbé igbá dé, ó rí ọṣẹ dúdú, ó rí nǹkan tútù tó ń fà yọ̀ọ̀, ó wo ojú mi. Ó fò dìde.

"Fẹlí! Kí lẹ pè sí ọṣẹ yìí?"

"A ò pe nǹkan kan sí i, Ìyá Mónìkà. Ọwọ́ mi ló—"

"Ọṣẹ dúdú, igbá, orí mi, àti ọmọ tí ìwé ò gbè! Ó fẹ́ gba orí mi pààrọ̀ tiẹ̀!"

Ó fẹ́ ṣe mí bíi kí n sọ pé bí mo bá máa pààrọ̀ orí, orí ẹni tó gba BAC ni mo máa kọ́kọ́ wá lọ. Tàǹtí ti mọ̀ mí, wọ́n fojú bá mi wí. Ìyá Mónìkà bá tiẹ̀ lọ, òun àti tówẹ̀lì wa. Kó tó dọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti tàn káàkiri.

Àwọn tá a ń retí ò wá mọ́. Ẹni tá ò pè ló wá. Gàníyù onízẹ́mì wọlé, ó fá orí kodoro, ó jókòó sórí àga oníbàárà.

"Bachelier, mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Fọ̀ mí lórí. Èrò ò gun tèmi mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n Gàníyù, irun la fi ń ṣiṣẹ́ níbí. Ẹ ò sì ní in."

"Ta ló béèrè irun lọ́wọ́ ẹ? Dà á síbẹ̀ jàre."

Tàǹtí ní kí n fọ̀ ọ́ kó lè máa lọ. Mo fọ̀ ọ́, ó ń dán bíi dígí mọ́tò. Lọ́jọ́ kejì ló padà wá, ó ń pariwo ọpẹ́ látojú títì pé òun rí èrò gbé títí dé Tchaada. Ọpẹ́ yẹn ló wá ba tiwa jẹ́ pátápátá: gbogbo ayé ní oògùn ni ọṣẹ wa lóòótọ́.

Àtẹlíyé dákẹ́. Tàǹtí á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo àwọn obìnrin tó ń gba iwájú wa kọjá lọ fọ irun níbòmíì. Ọwọ́ wọn ti ń jinná. Awọ tuntun ti ń bo àárín ìka. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní:

"Bachelier, lọ bá mi ra ṣáḿpù."

"Tàǹtí, dókítà sọ pé—"

"Ṣé dókítà ló máa jókòó kí n dirun fún un ni? Lọ."

Mo dìde, ẹsẹ̀ mi ò lọ. Mo rántí oko ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹni tó bá gbé ẹmu wá fún àlejò níbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mu lójú gbogbo èèyàn, kí ọkàn oníkálukú lè balẹ̀. Mo bá wọlé, mo gbé igbá ọṣẹ àti igbá ilá, mo gbé àpótí síta gbangba, mo jókòó, mo dà á lé ara mi lórí. Ilá ń ṣàn wọ̀ mí lójú. Àwọn onízẹ́mì ń hó. Ẹnì kan ní ọmọ Tàǹtí Fẹlí ti ya wèrè. Kò fi bẹ́ẹ̀ dá èmi náà lójú pé irọ́ ni.

Madame Adélé ló dúró. Ilé ìwé ló ń lọ. Ó wò mí, ó wo Tàǹtí, ó wo ọwọ́ Tàǹtí. Ó tú gèlè.

"Inú igbá yẹn kan náà ni kó o ti bù ú fún mi."

Àtìgbà yẹn, oníbàárà tó bá jókòó, màá kọ́kọ́ bù nínú tiẹ̀ fọ orí mi lójú ẹ̀. Látàárọ̀ dalẹ́ ni orí mi ń tutù. Kò sí orí tó mọ́ tó tèmi ní Ifangni ìlú wa, inú ẹ̀ nìkan ni omi ò dé. Àwọn kan tiẹ̀ ń wá torí kí wọ́n lè fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyá Mónìkà náà padà, òun àti tówẹ̀lì wa. Ó ní, "Da díẹ̀ sí i, mi ò rí i dáadáa." Mo dà á. "Ó kù níbi etí." Mo mọ̀ pé ó ti rí i tipẹ́.

Ìgbà yẹn ni mò ń sọ, tí mo bá ní ayé dùn. Èmi á fọ̀ ọ́, màá jẹ́ kó gbẹ, màá sì sún sẹ́yìn. Tàǹtí á wá mú òòyà, wọ́n á la ọ̀nà. Àá jọ máa ṣe orí kan, ọwọ́ mẹ́rin, wọ́n á máa bú mi lọ, oníbàárà á máa sùn. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń tán.

Awọ ọwọ́ wọn jinná. Oríkèé ìka ni ò gbà. Ọyẹ́ dé, ìka ń ta kókó. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tí ọ̀nà tí wọ́n là tẹ̀ díẹ̀ níbi ìpàkọ́. Oníbàárà ò lè rí i. Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un là. Ó tún tẹ̀. Wọ́n wá na òòyà sí mi.

"Wá parí ẹ̀."

Wọn ò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n fi kó lọ sí Tchaada, sílé ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin. Èmi ni mò ń ṣe ọ̀gá ní àtẹlíyé báyìí. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń pè mí ní Patron, mo ṣì máa ń wẹ̀yìn wo ẹni tó wọlé. Ọ̀nà tí mò ń là ti gún. Kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè ejò mọ́, bẹ́ẹ̀ ó wù mí kí wọ́n bi mí. Tí mo bá pe Tàǹtí lórí fóònù, ọṣẹ ni wọ́n máa ń béèrè, wọ́n á ní ṣé mi ò jẹ́ kó gbẹ.

Lọ́jọ́ ọjà kan, zẹ́mì gbé wọn dé. Wọ́n ní kí ó dúró de àwọn. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo igun, wọn ò sọ pé ó mọ́, wọn ò sọ pé ó dọ̀tí. Wọ́n jókòó sórí àga oníbàárà, wọ́n tú ìborùn. Gbogbo àkókò tí mo fi wà lọ́dọ̀ wọn, mi ò rí orí wọn rí láìdé nǹkan. Irun náà ti funfun, ó fẹ́lẹ́ bí òwú.

Mo bu ọṣẹ, mo fi ìka rọra wọ́ ọ láti iwájú dé ìpàkọ́. Mo da ilá sí i. Mò ń retí èébú, pé mo ń fa àwọn lórí, pé omi ti tutù jù. Kò wá. Wọ́n di ojú. Ọwọ́ wọn wà lórí itan, àwọn ìka náà ò ká mọ́, àmọ́ awọ wọn dán. Mo fi omi ọsàn ṣan án. Níta, onízẹ́mì ń fun fèrè pé ọ̀sán ti ń lọ, kí wọ́n jẹ́ káwọn máa lọ sí Tchaada.

Mo mú tówẹ̀lì. "Ó ti mọ́, Tàǹtí."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí, wọn ò la ojú. "Tún un fọ̀."