Táyà Méjì Tí Ọkọ Mi Fọwọ́ Yàn

Òórùn rọ́bà tuntun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta táyà ní Mushin, nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọ ìlú. Ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo di ọwọ́ ọkọ mi mú wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Alùpùpù ló fi ń pín búrẹ́dì káàkiri Yaba àti Sùúrùlérè, òun la sì fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń kú lọ. Dókítà ti sọ fún àwa méjèèjì pé èyí tó ti lọ kò ní í padà, àti pé díẹ̀ tó kù náà yóò lọ. Ọkọ mi kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ohun tó sọ ni pé táyà òun ti dán, òun fẹ́ pààrọ̀ wọn kí òjò tó dé.

Ó kúnlẹ̀ sáàárín táyà, ó ń fi ìka tọ́ wọn wò. Èyí tí ilà rẹ̀ lọ gbọọrọ yípo ló gbé fún mi, ó ní ti iwájú nìyẹn, òun ló ń jẹ́ kí alùpùpù gbọ́ràn síni lọ́wọ́. Fún ẹ̀yìn, ó wá èyí tó nípọn, tí ara rẹ̀ rí kókó-kókó, tí yóò lè di ẹrẹ̀ mú. Ìyá ọlọ́jà ń wò mí. Mo mọ ohun tó fẹ́ bi mí, mo sì gbé ojú kúrò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọkọ mi níwájú ọlọ́jà pé kò ní í gun ohun tó ń rà?

Nígbà tí a délé, ó kọ̀, kò gbé wọn fún fọkanáísà tó ń so táyà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó fi omi ọṣẹ pa etí táyà, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó ń fi irin ká a wọ inú rìímù díẹ̀díẹ̀. Irin yọ̀, ó bó o níka.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í mú,” mo ní.

“Fi í sílẹ̀. Sáà sọ ibi tí àmì ọfà ara táyà yẹn kọjú sí fún mi.”

“Iwájú ni.”

Gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí mo rí ṣe nìyẹn.

Nígbà tó so ẹsẹ̀ alùpùpù méjèèjì tán, ó gùn ún, ó fẹsẹ̀ ta á, ó dún gba gbogbo àgbàlá. N kò mọ ìgbà tí mo lọ dúró níwájú rẹ̀.

“Ìyá Ìbejì, ṣé ìwọ lo wà níwájú yẹn?”

“Èmi ni.”

“Mi ò lọ ibì kankan. Bá mi pe àbúrò mi. Òun ni yóò máa pín búrẹ́dì láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Mi ò fẹ́ kó ṣubú nínú òjò.”

Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, alùpùpù ń dún lábẹ́ rẹ̀, èmi náà dúró.

Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo ìgbà tí mo rò pé kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ dókítà, ó ti gbà á ṣáájú mi. Kò sí ohun tí èmi tàbí òun lè ṣe sí ojú yẹn. Táyà méjì ni agbára rẹ̀ ká, ó sì so wọ́n dáadáa.