Igi Ọ̀pẹ tí N Kò Yà

Ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Agége, mo ya àwòrán kan tí kò sí ènìyàn, ẹranko tàbí ilé nínú rẹ̀. Àwọ̀ nìkan ni: pupa, funfun àti àwọ̀ ilẹ̀. Ibi tí ìyá mi ti ń ṣa obì sínú agbọ̀n fún ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ sí Òkè Ọya ni mo ti rí àwọn àwọ̀ náà. Oje obì gan-an ni mo fi kun apá kan. Òun ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọnà, nítorí mo ti pinnu pé iṣẹ́ ayàwòrán ni n óò fi ayé mi ṣe.

Olùkọ́ wa gbé e sókè níwájú kíláàsì.

"Kí ni à ń pè ní àwòrán? Ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí nǹkan. Kí ni èyí rán yín létí?"

"Aṣọ ìnuwọ́ ìyá mi, sà!" ni ọmọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn.

"Obì ni, sà," ni mo wí.

"Obì! Aláwẹ́ mélòó?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, mo bá igi ọ̀pẹ kan láàárín àwòrán mi, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi lábẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ wa ni wọ́n yà á.

"Mo ti bá ọ tún un ṣe. Ó ti di àwòrán wàyí. O ò ní dúpẹ́?"

N kò dúpẹ́. Mo fi tádàwá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Èmi kọ́ ni mo ya igi ọ̀pẹ yìí." Nígbà tí olùkọ́ wa rí i, wọ́n ti fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó yẹ kí wọ́n buwọ́ lù fún mi sẹ́yìn.

"Èmi lo kọ ẹjọ́ rẹ̀ síbẹ̀ yẹn? Wá ẹlòmíràn tí yóò buwọ́ lù ú!"

Ọjọ́ méjì péré ló kù kí àkókò fọ́ọ̀mù náà kọjá.

"Orúnkún rẹ kò ní kán," ni ìyá mi wí. "Lọ bẹ̀ wọ́n."

Mo kúnlẹ̀ lójú kíláàsì kan náà. Mo wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà." Wọ́n buwọ́ lù ú. Wọ́n ní kí n pa ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà rẹ́ kí n tó fi àwòrán náà ránṣẹ́.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé pósófíìsì Ìkejà. Mo lẹ sítáǹbù, mo sì fi í ránṣẹ́. N kò pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́.