Iná Ìbọn Tí Mo Rà fún Ràfíù

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe fi ẹnu ara mi kó ìtìjú bá ara mi lónìí.

Ràfíù, ọmọ-ọmọ mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ọdẹ sí ilé ńlá kan ní Ouaga 2000, àdúgbò àwọn olówó ní Ouagadougou níbí. Gbogbo Gounghin, àdúgbò wa, ni mo ti sọ fún pé ó ń gbé ìbọn. Mo wá lọ bá Alhaji tó ń ta tọ́ọ̀ṣì, kí n ra iná kékeré tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ ìbọn.

Alhaji gbé méjì jáde. Ó fẹ́ bá mi yàn. Mo ní rárá, ṣé lásán ni mò ń lọ sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà? Mo wọ awò ojú mi, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ara páálí:

"Re-char-geable!"

Gbogbo oníbàárà pàtẹ́wọ́.

Alhaji ní, "Màmá, ṣé irin tí a ó gbé iná yìí kọ́ wà lábẹ́ ìbọn rẹ̀?"

Mo pe Ràfíù láti bi í, mo gbé ohùn fóònù sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọkọ mi kékeré.

"Ìyá àgbà, ìbọn wo? Ọ̀pá ni wọ́n fún mi o!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Alhaji tẹrí ba, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo ní, "Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Wá okùn, ká so ó mọ́ ọ̀pá!"

"D'accord, ó dáa, Màmá. Barka, ẹ ṣé o!"

Ní gbogbo Ouaga 2000, Ràfíù nìkan ló ní ọ̀pá oníná. Ta ni ọmọ-ọmọ tiẹ̀ ní irú rẹ̀ nínú yín? Ẹ dáhùn.