Omi Tí Wolé-wolé Gbé Bọ̀ Láti Orí Òkè

Lazarus Ògúnjìnmí, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, wolé-wolé ní agbègbè Òsí àti Ìlọ́fà, ti di ẹni tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ. Damaris, ìyàwó Àlàbá, ló bí ọkùnrin ní Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tó ti ń wojú Olúwa. Nínú ìjọ Aládùúrà tí gbogbo wọn ń lọ ní Ìlọ́fà, wọ́n ní àdúrà tí Lazarus ń gbà lórí òkè ló mú ọmọ náà wá. Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń tì í láti jáde.

Lazarus kò gun òkè kankan.

Ìlọrin ló ń lọ. Láti ọdún 1983, ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, bó bá ti yẹ ìkòkò omi àwọn èèyàn wò tán, tó ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n máa fi aṣọ sẹ́ ẹ nítorí sòbìyà, yóò wọ ọkọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní òfin lọ́jọ́ Sátidé.

Ó ní ìdí tó fi fi í pa mọ́. Ní 1975, nígbà tó kọ́kọ́ fẹ́ lọ kọ́ òfin, ìjọ gbàdúrà fún un, wọ́n pa ewúrẹ́. Ó ṣe ìdánwò ìwọlé, ó fìdí rẹmi. Odindi ọdún kan ni àwọn èèyàn fi ń ké sí i bó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá pé, "Lọ́yà, kóòtù ti jókòó o!" Lọ́tẹ̀ yìí, Adépéjú ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Kò tilẹ̀ la ẹnu purọ́. Bàbá Ìjọ ló bi í lọ́jọ́ kan pé, "Arákùnrin, gbogbo Jímọ̀ yìí, òkè àdúrà ni, àbí?" Lazarus rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi í jẹ alàgbà.

Lọ́dún tó kọjá, Damaris gbé ìgò omi lé e lọ́wọ́ pé kó bá òun gbàdúrà sí i lórí òkè. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Òùngbẹ gbẹ Lazarus nínú kíláàsì, ó mu omi náà tán kó tó rántí ohun tó jẹ́. Ó rọ omi ẹ̀rọ ẹ̀yìn kíláàsì sínú ìgò, ó sì gbé e padà fún un.

"Ẹ fẹ́ máa bá ará yòókù rojọ́ ní kóòtù," ni Adépéjú wí ní ọjọ́ Ajé, "ẹ ò rí ẹjọ́ tiyín rò."

Lọ́jọ́ kejì, Lazarus lọ bá Damaris, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá Alàgbà, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

Kò dìde títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Omi ẹ̀rọ?"

"Omi ẹ̀rọ ni."

"Ẹ sẹ́ ẹ?"

"Rárá."

"Háà! Ẹ̀yin tí ẹ da omi ìkòkò ìyá ọkọ mi nù nítorí kòkòrò!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu rẹ̀. "Lálaalẹ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé alàgbà wa ń bá mi bẹ Olúwa. Àṣé èmi nìkan ni."

Lazarus ní, "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, jẹ́ kó mọ sáàárín àwa méjèèjì."

"Rárá o. Ṣubúọlá, àbúrò ọkọ mi, gbé omi fún yín lóṣù tó kọjá. Ó ṣì ń mu ún, ó ṣì ń retí ọmọ." Ó gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká. "Tolúlọpẹ́ ni ọmọ mi yóò jẹ́. Ẹ̀yin lẹ óò gbé omi tí a ó fi sọ ọ́ lórúkọ wá, kí ẹ sì gbàdúrà sí i lójú gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ ti pọn ti àkọ́kọ́."

Ọ̀sán Sátidé yìí ni ìdánwò àṣekágbá Lazarus ní Ìlọrin. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò ti wọ ọkọ̀, gbogbo ìjọ ni yóò sì mọ ibi tó ń lọ. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kan náà ni ìsọmọlórúkọ.