Ìgbà Tí Èébì Dá

Ẹ sún mọ́ra, kí ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é gbọ́ lórí ìdúró. Oyún mi kejì ni mo fẹ́ sọ, ní Ìsẹ́yìn, nígbà tí a ń gbọ́ pé àwọn òyìnbó ń jagun lókèèrè. Àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ lára mi ní oṣù kẹrin.

Nígbà tí èkejì náà wọ oṣù kẹrin, mo jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, èébì kò gbé mi mọ́. Inú ẹlòmíràn ì bá dùn. Èmi, ẹ̀rù ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àárẹ̀ ti àkọ́kọ́ ṣe dá kí ẹ̀jẹ̀ tó dé. Mo jókòó sídìí òfì kíjìpá mi lẹ́bàá ògiri, mò ń hun, omijé ń bọ́ sórí òwú.

Ìyá ọkọ mi rí mi. Wọ́n bi mí títí mo fi sọ ọ́.

"Èébì dá, o wá ń sunkún? Ṣé o fẹ́ máa bì títí ọmọ ó fi rìn ni?"

Mo ní, "Ìyá, bẹ́ẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ ṣe."

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n bi mí bóyá oúnjẹ ń wù mí nígbà náà. Mo ní rárá o, òórùn iṣu sísun pàápàá ń lé mi jáde. Wọ́n ní, báyìí ńkọ́? Ojú tì mí. Mo ní èmi ni mo jẹ iṣu tí wọ́n ń wá láàárọ̀.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Àti èèpo tó jóná, Ìyá."

"Ìyàwó, olè ilé mi ti di méjì nìyẹn, ìwọ àti ọmọ inú rẹ."

Wọ́n wá sún ìjókòó mi sẹ́yìn kúrò lára òfì, ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ahunṣọ ilé wa ń ṣe fún aboyún, kí ikùn lè ráyè yọ. Ti àkọ́kọ́ kò dé ibẹ̀. Fún ọjọ́ pípẹ́, mi ò fẹ́ wo àlàfo yẹn.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí nǹkan ta nínú mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí ẹja kékeré nínú igbá omi. Mo dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó tún ta. Ọlẹ̀ ti sọ. Mo fa ọwọ́ Ìyá, mo gbé e lé ikùn mi. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan, pé èmi nìkan ni yóò máa mọ̀ ọ́n fúngbà díẹ̀.

Ọmọbìnrin ni mo bí. Nígbà tí Ìyá papòdà, àwọn ọmọkùnrin wọn pín oko, ọmọ wọn obìnrin kó ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ. Èmi ò gbé nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ìyàwó ilé wa tí ẹ̀rù oyún bá ń bà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń rán an wá, bí ó ti jẹ́ ọ̀dọ̀ Ìyá tẹ́lẹ̀.