Ààtàn Etí Ọ̀sà

Ojú ṣì ń tì mí. Mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí erékùṣù kékeré kan lórí ọ̀sà, ká lè wo bí omi ṣe ń jẹ etí ilẹ̀. Mo rí ìkarahun ìṣáwùrú tó tò léra wọn nínú yanrìn bèbè, ni mo bá pariwo: "Òkun ti dé ibí rí! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìyá àgbà kan tó ń sá ẹja nítòsí ní, "Ààtàn ìyá mi nìyẹn."

Mo kanra mọ́ ọn: "Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

Kò bínú. Ó fi igi tú bèbè náà, ó fa àpáàdì tí èéfín ti sọ dúdú yọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Tíṣà, ṣé òkun náà máa ń se ọbẹ̀ ni?"